Ìwé Tó Wà Lẹ́yìn Bàbá

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ìwé tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń yọ ọta nínú ìbọn."

Bàbá tó ń tọ́jú ilé ìkàwé gbójú sókè. Ojú obìnrin náà pọ́n, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀yìn bàbá gan-an ni ìwé ọ̀hún wà, ṣùgbọ́n ìfura loògùn àgbà.

"Kò sí níbí, ọmọ mi. Ta ló ṣẹ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Ìbọn olóògbé bàbá ọkọ mi ni ọkọ mi rí nínú àjà. Ó ń wo fídíò kiri, kálukú ń sọ tiẹ̀. Mo ní kó ṣe sùúrù kí n rí ojúlówó ìwé mú bọ̀."

Bàbá bi í léèrè àdúgbò rẹ̀, ó bi í bóyá wọ́n ń jà nílé. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọkàn bàbá tó balẹ̀, ló bá fa ìwé náà yọ. Obìnrin náà pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù kíá, kí bàbá lè kà á fún un.

"'Bí o tilẹ̀ yọ àpò ọta kúrò,'" bàbá kà á sókè, "'ọ̀kan ṣì lè kù nínú ìbọn.'"

Ohùn obìnrin aládùúgbò wọn ló dáhùn nínú fóònù. "Ìyàwó wa, máa bọ̀ nílé. Ìbọn yẹn dún mọ́ ọkọ rẹ lọ́wọ́. Ẹ̀pa ò bóró mọ́."

Bàbá fẹ́ pa ìwé náà dé, ṣùgbọ́n obìnrin náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má pa á dé," ó ní. "Àwọn ọmọ mi ṣì wà nílé, ìbọn náà sì wà níbẹ̀."