Orúnkún Tó San

Bàdírátù àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Fàwáz, jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n nílé wọn ní Agbowó.

Obìnrin kan tó ń gbá tẹníìsì, tó fi orúnkún ṣèṣe lọ́dún tó kọjá, ti padà sórí pápá nínú ìdíje ńlá.

Fàwáz ń gbàdúrà sínú.

Obìnrin náà borí!

Bàdírátù kígbe ayọ̀, ó di orúnkún tirẹ̀ tó wú mú.

"Bọ̀dá mi, ẹ ò rí i? Tirẹ̀ ti san! Tèmi náà á san lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọjọ́ Ajé."

"Àmín," ni Fàwáz wí.

Owó iṣẹ́ abẹ tí ìyá wọn ní kó tọ́jú, gbogbo rẹ̀ ló fi ta tẹ́tẹ́ láàárọ̀ pé obìnrin náà máa fìdí rẹmi.