Harriet Tó Fẹ́ Gbé Àyè Méjì Dé Iwájú Pẹpẹ

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ tó mọ̀wé. Ẹ má kà á dé àárín kẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ kà á tán ná.

1.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Oyíndà nígbà táwọn dókítà eyín wá ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ nílé-ìwé kan ní Ìgbẹ̀ìn. Harriet, ìyá rẹ̀, mú màmá àgbà lọ, ọmọ sì tẹ̀ lé wọn. Ẹ ò rí nǹkan. Àga kan wà níbẹ̀, dókítà kàn fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí ẹ̀, àga sì gbé màmá sókè jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Iná kan sọ̀ kalẹ̀ sí i lẹ́nu. Màmá lanu, ó dijú, ó ń retí ìrora. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀?"

Dókítà ní, "Ó ti jáde, Mọ́mì." Eyín ti wà nínú abọ́.

Oyíndà ò lè pa ẹnu dé. Ṣé ọwọ́ èèyàn lè rọ̀ tó báyìí? Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ iṣẹ́ mìíràn mọ́.

2.
Ọdún mẹ́sàn-án mìíràn kọjá. Oyíndà ṣe ìdánwò. Máàkì rẹ̀ ga débi pé Bándélé bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó nù ún, kó tó gbà pé òótọ́ ni. Ilé-ìwé méjì fún un láyè láti kọ́ṣẹ́ dókítà eyín. Ọ̀kan jẹ́ ti ìjọba. Èkejì jẹ́ ti aládàáni, wọ́n sì ní ọ̀fẹ́ ni yóò kà á dópin. Àwọn tó ń wá ẹyọ kan pọ̀ bí eṣú, òun ní méjì.

Ṣùgbọ́n àyè yẹn kì í dúró deni. Orí fóònù ni wọ́n ti ń gbà á. Tó o bá gba ọ̀kan, èkejì á parẹ́. Tó ò bá gba ìkankan títí ọjọ́ Ẹtì, méjèèjì á parẹ́, wọ́n á gbé e fáwọn tó ń dúró lẹ́yìn.

Bándélé ní kó mú ti ìjọba. Oyíndà ń wo ti aládàáni, torí ó gbọ́ pé láti ọdún kejì ni wọ́n ti ń jẹ́ kọ́mọ fọwọ́ kan àga náà. Èyí tó wù kó mú, ayé ì bá dáa.

3.
Harriet ló bà á jẹ́. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìkórè ìjọ wọn. Láti ayé baba ńlá Harriet, iwájú pẹpẹ ni ìdílé wọn ti ń kéde ayọ̀, ọjọ́ ìkórè sì ni. Ó ti sọ fún àlùfáà pé méjì ni. Ó ti sọ fún ẹgbẹ́ ìyá. Ó ti ra àpò ìrẹsì Ọ̀fàdà méjì tó máa fi dúpẹ́, àpò kan fún ilé-ìwé kan.

Oyíndà kúnlẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tẹ ọ̀kan. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa tì í."

"Tó o bá tẹ ọ̀kan, mélòó ló kù?"

"Ọ̀kan, mà."

"Ṣé kí n wá dúró níwájú pẹpẹ kí n máa purọ́ pé méjì ni?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀. Obìnrin yìí ò fẹ́ purọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ṣe fáàrí. Ó ní wọ́n máa ń sún ọjọ́ síwájú, pé ta ni yóò tilẹ̀kùn mọ́ irú ọmọ báyìí. Kí ọmọ má baà tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn òun, ó gba fóònù, ó tì í mọ́ inú àpótí aṣọ. Nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n sì fi ń wọlé síbi tí wọ́n ti ń gba àyè, orí fóònù yẹn nìkan ló ń já sí. Bándélé sọ̀rọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

4.
Ọjọ́ ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Harriet dá fóònù padà fọ́mọ lórí ìjókòó, pé kó ṣí i sílẹ̀ kí àlùfáà fojú ara ẹ̀ rí i. Wọ́n pè wọ́n síwájú. Àlùfáà ní ilé-ìwé méjì ló ń du ọmọ yìí, gbogbo ìjọ sì mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbà dìde kí wọ́n lè rí i dáadáa. Harriet ga sí i níbi tó dúró sí.

Àlùfáà gbé máìkì sọ́mọ lẹ́nu. "Èwo lo wá mú, ọmọ mi?"

Oyíndà tún fóònù wò. "Kò sí èyí tó kù mọ́, sà."

Àwọn àgbà tó dìde bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀ nílé-ìwé méjèèjì, wọ́n ní àyè ti kún. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún ìdánwò ṣe, máàkì ò tó mọ́. Ẹ̀kọ́ ẹja sísìn ni wọ́n fún un. Ẹja náà ní eyín, ṣùgbọ́n ta ló ń tọ́jú ẹ̀?

5.
Ọdún méje lẹ́yìn ìkórè yẹn, eyín mú Harriet. Oyíndà sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn kan l'Abẹ́òkúta. Dókítà ọmọbìnrin kan tẹ àga, Harriet gòkè. Ó lanu, ó dijú. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti jáde, Mọ́mì."

Harriet lajú, ẹnu yà á. Ó ní Ọlọ́run ló fún un lọ́wọ́ yìí, pé ọmọ ta ni. Dókítà fi òwú sí i lẹ́nu, ó ní kó fi eyín dì í mú, kó má sọ̀rọ̀. Òun wá ń sọ tirẹ̀ bó ṣe ń fọwọ́: pé Fáyọmí lorúkọ òun, ọmọ Ọ̀ṣúndáre, àgbẹ̀ kan ní Ọ̀dẹ̀dá.

"Àwọn tó ń dúró lẹ́yìn ni mo wà, mà. Bàbá mi ń wa ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n pè mí, pé ẹnì kan ò gba àyè ẹ̀. Mi ò mọ ẹni náà títí dòní. Ṣùgbọ́n mi ò tíì jí láàárọ̀ kan kí n má gbàdúrà fún un."

Oṣù yẹn, ọdún yẹn, ilé-ìwé yẹn, ó dárúkọ gbogbo ẹ̀. Omi bọ́ lójú Harriet, òwú sì wà lẹ́nu ẹ̀.

Oyíndà gbé báàgì ìyá ẹ̀ dání, ó ń wo iná orí àga náà bó ṣe wò ó lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní, "Ẹ ṣeun, dókítà. Ẹni náà ń gbọ́ àdúrà yín."

Ẹ̀yin òbí, ẹ gba ìkìlọ̀. Tí Ọlọ́run bá ṣílẹ̀kùn méjì fọ́mọ yín, ẹ jẹ́ kó wọ ọ̀kan. Ẹ má dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ará àdúgbò lè wá wò ó. Ọpẹ́ tó pẹ́ kì í bà jẹ́. Àyè ló ń bà jẹ́, bíi tòmátì inú oòrùn, kẹ́ ẹ sì tó mọ̀, ẹlòmíì ti gbé e lọ. Ẹni tó lé eku méjì pọ̀, òfo ló ń mú bọ̀.