Bí Kò Bá Gbé E

Ojú kan ṣoṣo ló kù fún ìyá náà, òun náà kò sì ṣe é gbára lé mọ́. Dókítà ti sọ ọ́ láìfi epo bọyọ̀: bí wọn kò bá ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú náà kí ọdún tó parí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á lọ, kò sì ní padà. Ó kọ orúkọ ìyá náà àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ lọ sinmi nílé, Màmá," ló wí. "Bó bá ti kàn yín, ilé ìwòsàn á pè yín."

Ìyá náà lọ sílé. Ogójì ọdún ló fi tẹ lẹ́tà fún àwọn ọ̀gá ní ọ́fíìsì kó tó fẹ̀yìn tì, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de èsì. Fóònù rẹ̀ kì í kúrò lápò aṣọ rẹ̀. Bó bá fẹ́ wẹ̀, á gbé e sórí àga lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, á sì ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ kó lè gbọ́ ọ.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ti bá a tún fóònù ọ̀hún ṣe lọ́dún tó kọjá. Iṣẹ́ ọmọ náà ni kó máa kọ́ kọ̀ǹpútà àwọn ilé iṣẹ́ bí wọ́n ṣe máa dá iṣẹ́ ṣe láìsí ẹni tó ń tì wọ́n. Nígbà kan, àwọn gbájúẹ̀ ń pe ìyá yìí tó ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́ láti sọ fún un pé ó ti jẹ ẹ̀bùn mọ́tò. Ọmọ gba fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó dá a padà. Láti ọjọ́ náà, nọ́ńbà àwọn ojúlùmọ̀ tó wà nínú fóònù nìkan ló ń dún, ilé sì rọ̀ wọ̀ọ̀.

"Kí lo ṣe sí i?" ni ìyá bi í nígbà náà.

"Oríta kékeré kan ni mo là sí i, Màmá."

"Ọlọ́run á la ọ̀nà fún ìwọ náà."

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí ìyá ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, ọmọ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun. Ìyá jókòó sí òdìkejì, ó ń fi ìka ṣa ẹ̀wà.

"Màmá, ẹ bá mi dá sí iṣẹ́ kan."

"Iṣẹ́ ta ni?"

"Wọn kì í sọ fún wa. Nọ́ńbà iṣẹ́ nìkan là ń rí. Àwọn èèyàn kan wà lórí ìlà, kọ̀ǹpútà á máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó kàn bá gbé e, ó gba ọ̀tún, wọ́n á dá ọjọ́ fún un. Bí kò bá gbé e, ó gba òsì. Ohun tó wà lósì ni wọn ò kọ, ọ̀gá mi ní kí n lo làákàyè."

"Pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A kì í kan ilẹ̀kùn onílé ju ìyẹn lọ."

"Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ńkọ́?"

Ìyá ju òkúta kan sínú abọ́. "Ẹni tí kò dáhùn, kò fẹ́ nìyẹn. Kí ó bọ́ sẹ́yìn pátápátá. Ṣé kí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa wo ẹnu rẹ̀ ni?"

"Ẹ le o, Màmá. Bó bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀ ńkọ́?"

"Má fi nọ́ńbà kankan síbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ló ń da ìlà rú. Ṣùgbọ́n kí lẹ́tà náà ní ọ̀yàyà, mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ bí igi gbígbẹ."

Ó di ojú, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti máa ń ṣe, ó ń sọ ọ́, ọmọ sì ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọmọ yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, ìyá ní kó dá a padà.

Oṣù kan kọjá, ó di méjì, ó di mẹ́ta. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tọ ògiri kó tó dé ilé ìdáná. Ó da tíì sára ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì sọ ọ́.

"Ó lè jẹ́ fóònù yìí ló bàjẹ́," ló wí.

Ọmọ lọ sí yàrá kejì, ó pè é láti ibẹ̀. Fóònù ké débi pé ìyá fò sókè lórí àga.

"Kò ṣe fóònù, Màmá."

Ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Obìnrin tó jókòó sídìí ìwé yẹ orúkọ wò, ó ní ó wà lórí ìlà, ìlà sì ń lọ dáadáa. "Kí wọ́n ṣáà máa gbé fóònù wọn sí tòsí. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn lónìí, ọdún méjì gbáko ni."

"Ọpẹ́ ni pé a tètè kọ orúkọ sílẹ̀," ni ìyá wí nígbà tó gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dé. Ọmọ rí òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn lára rẹ̀, ó sáré wọlé. Ìyá gbé abọ́ ẹ̀wà sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó jókòó dáadáa.

"Kà á, ọmọ mi. Kà á sókè."

"A kí yín tọwọ́tẹsẹ̀," ni ọmọ kà, "a kan ilẹ̀kùn yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a kò bá yín nílé," ó sì gbé ìwé náà sórí tábìlì, ni ìyá náà, tí kò rí ìwé ọ̀hún rárá, bá ka ìyókù fún un: "ẹlòmíràn ti jókòó sí àyè yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ padà sẹ́yìn ìlà pẹ̀lú sùúrù, bó pẹ́ bó yá, yóò kàn yín."