Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Fi Òkúta Dí

Ayàwòrán ilé ni Mojírádé. Iṣẹ́ ló gbé e dé abúlé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó lè ya ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tí wọ́n fẹ́ tún ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bámgbóyè, ló fi mọ́tò gbé e lọ, òun náà ló sì fi kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fún wọn ṣí ṣọ́ọ̀ṣì náà.

Ìrọ̀lẹ́ ni. Òtútù inú ṣọ́ọ̀ṣì náà ju ti ìta lọ. Lára ògiri apá àríwá, ilẹ̀kùn kan wà tí wọ́n ti fi òkúta dí láti ayébáyé. Mojírádé fẹ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe nípọn tó, ló bá ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ síta, kó máa gbá ògiri kí òun lè mọ ibi tó dúró sí.

Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ọ. Òun náà gbá a padà. Ìró náà ń le sí i títí eruku fi ń dà láàárín òkúta.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti tó!"

"Kí ló tó?" Ẹnu ọ̀nà ńlá, lẹ́yìn rẹ̀, ni Bámgbóyè ti dáhùn. "Mi ò tíì débẹ̀. Ẹ̀gún ò jẹ́ kí n rọ́nà kọjá."

Ìró náà ò dáwọ́ dúró. Bámgbóyè sáré wá, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó sì kígbe mọ́ ògiri: "Ta nìyẹn?"

Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn Mojírádé gan-an dáhùn láti inú òkúta, tẹkúntẹkún: "Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má jẹ́ kí èyí tó wà lọ́dọ̀ yín yẹn jáde."

Mojírádé yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bámgbóyè ti fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.