Ìkìlọ̀ Orí Pátákó

Ìkìlọ̀ náà dé orí pátákó èbúté Marfa lónìí, ó fi ọjọ́ kan pẹ́.

Ìjì ti mi ọkọ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì sómi kí ẹja lè fi ṣelé. Ògiri inú rẹ̀ lè wó nígbàkigbà. Kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́.

Salvu, tí mo mú lọ wo ọkọ̀ náà nísàlẹ̀ omi, ti wà nínú rẹ̀ látàná. Àgbá afẹ́fẹ́ wákàtí kan péré ló gbé kọ́ ẹ̀yìn.

Pawlu, ọ̀gá àwa tó ń mú èèyàn lọ sísàlẹ̀ omi, tutọ́ sílẹ̀. "Ká ní ìgbín ni ọ́fíìsì èbúté yìí rán, ì bá ti dé lánàá. Ohun tí gbogbo wa máa sọ fún ọlọ́pàá nìyẹn."

Ìyá Salvu jókòó sórí àpáta, ó di búrẹ́dì tí ọmọ rẹ̀ kò jẹ mú, ó sì bi mí pé:

"Ṣé ibẹ̀ jìn, ọmọ mi?"

"Kò jìn, mà. Èèyàn á máa rí oòrùn níbẹ̀."

Ó di ọwọ́ mi mú. "Má dá ara rẹ lẹ́bi. Ẹ ò mọ̀ ni."

Mo rọra fa ọwọ́ mi yọ.

"Mà, ọ́fíìsì náà ti fi ìkìlọ̀ yẹn ránṣẹ́ sórí fóònù mi láàárọ̀ àná, ká tó lọ. Mo kà á, mo sì pa á rẹ́, torí mo fẹ́ kí Salvu rí bí oòrùn ṣe ń wọ yàrá ẹ́ńjìnnì. Mò ń lọ sọ ọ́ fún ọlọ́pàá."