Àga Òkété

Àlọ́ mi já pìtì, ó bọ́ lé Òkété lórí.

Òkété fẹ́ káyé mọ̀ pé òun lọ́lá. Ó kó gbogbo ẹ̀kùrọ́ tí ìyàwó rẹ̀ tọ́jú de òjò fún Àkókó, ẹyẹ tó ń gbẹ́gi, ó ní kó bá òun gbẹ́ àga oníṣẹ́-ọnà. Ó gbé àga sójúde, ó jókòó, ó ń kọrin:

Ẹ wá wàga mi o,
— Àga ọlọ́lá!
Ta ló tún nírú rẹ̀?
— Àga ọlọ́lá!

Òjò dé. Ìyá ìyàwó rẹ̀ wá kí wọn, ó jókòó sórí àga náà, ó sì yìn ín. Kò sóúnjẹ tí wọ́n máa gbé fún un. Làwọn ọmọ bá bú sẹ́kún ebi. Ìyá tú ẹrù rẹ̀, ó pín ẹ̀kùrọ́ tó mú bọ̀ fún wọn, ó wá na díẹ̀ sí Òkété.

"Gba tìrẹ, ọkọ ọmọ mi. Ebi a máa pa ọlọ́lá náà."

Òkété gbà á, ó ń jẹ ẹ́, kò lè wojú ìyàwó rẹ̀. Látọjọ́ náà ni ìtìjú ò ti jẹ́ kó jáde lọ́sàn-án mọ́.