Oyè Tí Wọ́n Fi Dá Akíntóyè Lọ́lá

Akíntóyè fi ìjọ Mọ́mọ́nì sílẹ̀ ní Àkúrẹ́, kíá ni àwọn ará ìjọ ti fi í joyè: apẹ̀yìndà.

Oyè náà kò ṣàjèjì sí i.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tó kúrò ní Áńgílíkà lọ di Mọ́mọ́nì, oyè yìí kan náà ni Rufus bàbá rẹ̀ fi dá a lọ́lá, kó tó tì í síta nílé wọn ní Oǹdó.

Ẹni tó kẹ̀yìn sí ibì kan, ṣebí ojú ló kọ sí ibòmíì. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn?

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ó wọkọ̀ lọ sí Oǹdó, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, mo ti kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ẹ forí jì mí."

Bàbá ń wò ó bí ẹní wo ewúrẹ́ tó jẹṣu.

Akíntóyè yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ po tíì fún mi. Èèwọ̀ ni fáwọn Mọ́mọ́nì, ọdún mẹ́ta ni wọn ò fi jẹ́ kí n fẹnu kàn án."

Ìyá wo ojú bàbá.

"Tíì ò wọ ilé yìí mọ́," ni bàbá wí. "Gbogbo ìwé Mọ́mọ́nì tí o fi sílẹ̀ níjọ́ tí mo lé ọ ni mo kà tán. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni wọ́n rì mí bọmi. Ìwọ tó gbé òtítọ́ wọlé mi lo wá ń sá fún un? Ọ̀nà nì yẹn!"